Ọ̀pẹ Ìdí Táńkì Kò Búra fún Ẹnikẹ́ni

Mowe,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Àṣàbí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ àwọn aláìsàn, mo kí ọ kú àìsùn, mo sì kí ọ kú àárò ilé. Ara mi le. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tí mo fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un pé àwa méjèèjì la jọ ń ṣiṣẹ́. Ìyá Kúdí, ará yàrá kejì wa, ní kí n kí Nọ́ọ̀sì, ó sì ní kí n béèrè bóyá o ti ń jẹun kánú.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Dírẹ́bà tí o fi rán nà án sí mi ní etí ọ̀nà márosẹ̀, kò tilẹ̀ pa mọ́tò. Mo kà á lórí ìdúró, mo tún wọlé jókòó kà á. O ní ẹ̀yin nọ́ọ̀sì fẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀. O ní lọ́jọ́ Àìkú ẹ óò péjọ, olúkúlùkù yóò sì búra, Mùsùlùmí pẹ̀lú Kùránì, onígbàgbọ́ pẹ̀lú Bíbélì, àwọn yòókù pẹ̀lú irin, pé ẹnikẹ́ni kò ní fẹsẹ̀ tẹ wọ́ọ̀dù títí tí wọn yóò fi dá yín lóhùn. O ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni wọ́n fi ọ́ sí, àti pé ọmọ kan wà níbẹ̀ tí kò lè mí dáadáa àfi bí ènìyàn bá gbé e jókòó. O béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ pé ta ni yóò máa gbé e jókòó, wọ́n sì ní amí Mátírọ́ọ̀nù ni ọ́. O wá bi mí pé, "Màmá, ṣé kí n búra ni, àbí kí n má búra?"

Ìlà kan ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi dá ọ lóhùn. Nígbà tí mo mú bírò, mo rí i pé ìlà kan kò tó. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe lọ́jọ́ Àìkú yìí, àwọn bàbá rẹ ti ṣe é rí ní Ibafo, mo sì mọ ibi tó já sí.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ifọ̀ lo wà nígbà náà. Ohun tí o mọ̀ ni pé àrá ló pa bàbá rẹ. Àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ ní olè ni àrá ń pa, o sáré wálé wá bi ìyá mi, òun sì ní kí o lọ fi omi fọ ẹnu rẹ. Mo gbọ́. N kò sì sọ nǹkan kan kún un, nítorí o kéré, nígbà tí o sì dàgbà, ìwé lò ń kà. Báyìí o ti ń gba owó oṣù, o sì ti di ẹni tí wọ́n ń pè sí ìpàdé. Fa àga jókòó.

Oko adìẹ kan wà lẹ́yìn Ibafo, ní ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú bí ẹní. Oko náà ti tú báyìí, wọ́n ti ń kọ́lé síbẹ̀. Bàbá rẹ ló ń fún àwọn adìẹ àgíríkì ibẹ̀ ní omi àti oúnjẹ. Ó fẹ́ràn wọn débi pé ìyàwó ló ń pè wọ́n. Bí ó bá pẹ́ kó tó wọlé, tí ojú mi sì le, yóò fi orúkọ rẹ pè mí, yóò ní, "Ìyá Mọ́ńsúrà, má bínú, àwọn orogún rẹ ni kò jẹ́ kí n tètè kúrò. Wọ́n pọ̀, wọ́n sì funfun, wọn kì í sì í bá mi jà." Èmi náà á ní, "Ẹ ní kí wọ́n wá dáná fún yín." Yóò rẹ́rìn-ín títí ìbínú mi yóò fi tán.

Ọ̀gá tó ni oko náà kì í ṣe ènìyàn burúkú níbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí oko ń gbòòrò ló yí padà. Lọ́jọ́ kan ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó ní kò sí ìsinmi mọ́, kò sí Jímọ̀, kò sí Àìkú. Ó ní, "Adìẹ kì í sinmi ẹyin yíyé. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun lára rẹ̀, kí lẹ fẹ́ sinmi fún?" Àwọn mẹ́ta lọ kírun Jímọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì lé wọn dànù. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe da iṣẹ́ sílẹ̀.

Nígbà tí bàbá rẹ wá sọ fún mi, ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ má bá wọn dá sí i. Ẹ ní ọmọ ní ilé ìwé. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí kò ní nǹkan kan lọ jà." Ọmọdé ìyàwó ni mí nígbà náà, mo rò pé ọgbọ́n ni mo sọ. Ó ní, "Àwọn mẹ́ta tí wọ́n lé yẹn, èmi ni ẹnì kẹrin wọn nínú sáfù ìrun. Mo kàn tètè padà ni."

Nítorí náà, Àṣàbí, ohun kìíní rèé. Má yẹra fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Bí wọ́n bá da iṣẹ́ sílẹ̀, da tìrẹ náà sílẹ̀. Má gba ojú fèrèsé wọlé kí Mátírọ́ọ̀nù lè yìn ọ́. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ìyà tó ń jẹ wọ́n ń jẹ ọ́, bí o bá sì rò pé tìrẹ kéré, á jẹ́ pé o kàn tètè padà sí ẹnu iṣẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ohun tí o fẹ́ kí n sọ ni pé kí o má bá wọn dá sí i. N kò ní sọ ọ́. Mo ti sọ irú rẹ̀ rí, ojú tì mí.

Bí wọ́n ti dá a sílẹ̀ tán, ìbẹ̀rù dé. Kálukú ń fura sí ẹnìkejì pé yóò yọ́ wọlé. Gànì ni alága wọn, ọkùnrin tó ní ohùn, ṣùgbọ́n òun náà kò mọ ohun tí yóò fi so wọ́n pọ̀. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tó wá láti agbègbè Ọ̀yọ́, Àyìndé ni orúkọ rẹ̀. Ó ní bàbá òun fi ẹdùn àrá kan sílẹ̀ fún òun, òkúta dúdú tí àwọn àgbà ń sọ pé àrá máa ń jù sílẹ̀ nígbà tó bá sán. Ó gbé e wá nínú àwo. Wọ́n gbé e sí ẹnu géètì oko, gbogbo wọn sì gbọ́wọ́ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń kírun àti ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn wa, kí àrá bá a wí." Bàbá rẹ gbọ́wọ́ lé e.

Ọmọ mi, òjò àkọ́rọ̀ ló ń bọ̀ lọ́nà. Ta ní í fi àrá búra nígbà tí ojú ọ̀run ti ń dúdú ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́? Àwa ni. Nígbà tó wálé sọ fún mi, ẹ̀rín ni mo rín, mo ní ó kéré tán, ẹ̀rù yóò bà wọ́n.

Ọ̀gá bínú lọ sí Èkó, ó ní òun yóò wo ẹni tó máa kọ́kọ́ rẹ̀ nínú òun àti àwọn. Ẹni tó kọ́kọ́ rẹ̀ ni àwọn adìẹ. Omi tán nínú àgbá wọn. Adìẹ tí òǹgbẹ ń gbẹ kì í ké bí adìẹ tí ebi ń pa. Ohùn rẹ̀ a máa há. Láti ojú ọ̀nà ni ènìyàn ti ń gbọ́ wọn. Bàbá rẹ kò lè jẹun. Ó gbé àwo kalẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Gànì pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá Àlàbá, obìnrin àgbà tó ń ṣa ẹyin, wà níbẹ̀. Gànì ní kí bàbá rẹ yọ́ wọlé, kí ó lọ ṣí omi fún wọn, kí àwọn adìẹ má baà kú, kí ayé má baà sọ pé òṣìṣẹ́ ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ní kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní bí àwọn yòókù bá gbọ́, kálukú yóò wá àwáwí tirẹ̀ láti wọlé. Báyìí ni wọ́n ṣe rán an ní ìkọ̀kọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti búra ní gbangba. Wọn kò padà sí ìdí òkúta náà láti sọ pé àwọn yọ ẹnìkan sílẹ̀.

Bàbá rẹ yà sílé kó tó lọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Wọ́n rán mi sí àwọn orogún rẹ." Mo ní, "Ẹ bá mi kí wọn." Ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Orí òpó irin gíga ni táńkì omi oko náà wà. Kò sí ohun tó ga tó o ní gbogbo ilẹ̀ títẹ́jú yẹn. Ọ̀pẹ kan wà nídìí rẹ̀ tí àrá ti gé lórí lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ronú àtida iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ṣì dúró síbẹ̀ láìlórí, àwọn òṣìṣẹ́ a sì máa so aṣọ mọ́ ọn lára. Bàbá rẹ gun àkàbà irin lọ sókè láti ṣí ẹnu omi. Òjò ti ṣú láti ọ̀nà Asese. Ó ṣí omi náà o. Àwọn tó sáré débẹ̀ ní omi ti ń dà nínú gbogbo ilé adìẹ, àwọn adìẹ sì ti dákẹ́, wọ́n ń mu. Òun wà nílẹ̀, sílípáàsì rẹ̀ kan wà lórí àkàbà.

Gànì ló wá sọ fún mi. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Ìyàwó Rájí, ẹ jókòó." Mo ti mọ̀ kí n tó jókòó.

Mo lanu láti ké, àwọn àgbà ilé bò mí lẹ́nu. Wọ́n ní a kì í sunkún òkú àrá. Wọ́n ní Kábíyèsí là ń wí, kí àrá má baà padà wá. Alfa ní kí a gbé e lọ sin kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ẹlẹ́sìn Ṣàngó dé, wọ́n ní àwọn ló ni òkú, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n fà á títí ilẹ̀ fi ṣú kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, a sì gbé e lọ sí Ifọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ojú mi gbẹ. Wọ́n ní kí n wí Kábíyèsí, mo wí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ohun tó pa ọkọ mi.

Ohun kejì tí mo fẹ́ sọ fún ọ nìyí. Ibi tí o wà yẹn, ikú pọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá dùn ọ́, sunkún. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé Ọlọ́run tàbí òrìṣà kan ló ń bá ìyá ọmọ kan wí tí ọmọ rẹ̀ fi kú, má mi orí, má sì ṣe àmín. Gbá ìyá náà mọ́ra. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ ló máa ń yára dá ẹjọ́ òkú.

Mo rí ẹjọ́ òkú tí wọ́n dá. Ọ̀gá padà láti Èkó, ó ní Rájí wá jí adìẹ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ó dalẹ̀ ni. Ẹni tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ tipẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹ nínú àwo kan, wọn kò wá síbi fídáù rẹ̀. Gànì mọ òtítọ́, ó sì ń gbé e mì bí ẹni ń gbé òkèlè gbígbóná mì. Mo dúró kí ó sọ ọ́. Mo rò pé tí a bá ṣe àdúrà tán, yóò sọ ọ́. Kò sọ ọ́.

Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe ìpàdé ní abẹ́ àtíbàbà kan ní Ibafo, mo wé gèlè dúdú mi. Ìyá Kúdí rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó kígbe, "Ìyá Mọ́ńsúrà! O kò tíì parí opó, níbo lò ń lọ?" Mo ní, "Mo ń lọ bi wọ́n ní ìbéèrè kan." Ó ní, "Opó kì í jáde." Mo ní, "Ìyá Kúdí, bí mo bá jókòó sílé, irọ́ ni yóò máa jáde fún mi."

Mo wọ abẹ́ àtíbàbà náà. Ẹdùn àrá wà láàárín wọn nínú àwo. Gànì dìde. Ó ní, "Ìyàwó Rájí, ẹ ṣe sùúrù, ẹ padà sílé. Ẹ jẹ́ kí ara yín balẹ̀ ná."

Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Kí ló tún ń wá? Ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ."

Mo ní, "Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn? Ẹ dìde kí n rí yín." Kò dìde. Mo ní, "Ó dára. Ẹ jókòó dá mi lóhùn. Ọ̀pẹ ìdí táńkì tí àrá gé lórí lọ́dún tó kọjá, ta ló búra fún? Ìyanṣẹ́lódì wo ló bà jẹ́?"

Ẹnìkan ní, "Ọ̀pẹ kẹ̀?"

Mo ní, "Ọ̀pẹ ni. Ọ̀pẹ tí ẹ ń so aṣọ yín mọ́. Ibẹ̀ ni àrá ti ń já kí ẹ tó gbé òkúta dé. Ẹ wá rán ènìyàn lọ sórí irin níbi tí àrá mọ̀ bí ẹni mọ ilé, nínú òjò, ẹ tún ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jẹbi. Bọ̀dá Gànì, ta ló rán ọkọ mi?"

Gànì ń wo àwo. Gbogbo wọn ń wo Gànì. Mo tún bi í. Ẹ̀rù ń bà mí, Àṣàbí, nítorí mo mọ̀ pé bí ó bá sẹ́, n kò ní ẹlẹ́rìí kankan bí kò ṣe ẹnu òkú.

Ìyá Àlàbá ló dìde. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ó ní, "Gànì, mo tó bí ọ lọ́mọ, nítorí náà gbọ́ mi. Etí mi méjèèjì gbọ́ ọ. O ní, 'Rájí, lọ fún wọn lómi, má sọ fún ẹnikẹ́ni.' Èmi ni mo di géètì mú kó fi wọlé. Bí àrá bá ń bá ẹnìkan wí, ó yẹ kí ó ti ọ̀dọ̀ èmi àti ìwọ bẹ̀rẹ̀. Sọ ọ́ kí n tó sọ èyí tó kù."

Gànì ṣí fìlà. Ó ní, "Àwa la rán an." Ohùn rẹ̀ kéré nígbà tó sọ ọ́. Ìyá Àlàbá ní, "Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́." Ó tún un sọ, ó sì kígbe rẹ̀: "Àwa la rán an! Rájí kò dalẹ̀!"

Ibẹ̀ ni mo ti sunkún. Láàárín àwọn ọkùnrin yẹn, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú gèlè dúdú mi. Kò sí ẹni tó bò mí lẹ́nu. Ẹni tó pe bàbá rẹ ní ọ̀dàlẹ̀ ló wá fà mí dìde.

Àyìndé gbé ẹdùn àrá rẹ̀, ó fi aṣọ wé e, ó ní, "Èmi ni mo gbé e wá. Èmi ni n óò gbé e lọ." Ẹnìkan ní, "Kí ni yóò wá so wá pọ̀?" Ìyá Àlàbá ní, "Ojú. Kí kálukú máa wo ojú ẹnìkejì rẹ̀ láràárọ̀ ní ẹnu géètì. Ẹni tí ojú kò bá lè so, òkúta kò lè so ó." Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀ wọ́n jókòó sí ẹnu géètì. Wọ́n yan ẹni méjì méjì tí yóò máa wọlé fún àwọn adìẹ lómi, ní ojú gbogbo wọn, wọ́n á sì ké orúkọ wọn kí wọ́n tó wọlé. Bí òjò bá ṣú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ táńkì. Kò sí ẹni tó gba ẹ̀yìn wọlé. Ní ìgbẹ̀yìn, ọ̀gá gbà kí wọ́n máa sinmi lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Ó gba àwọn mẹ́ta tó lé padà, ṣùgbọ́n kó tó pẹ́ ó wá ẹ̀sùn sí Gànì lẹ́sẹ̀, ó sì lé e. Wọn kò rí gbogbo ohun tí wọ́n béèrè gbà. Kò sì sí ẹni tó pe bàbá rẹ ní olè mọ́ ní Ibafo. Ọ̀rọ̀ náà kò tètè dé Ifọ̀ ni.

Báyìí, ó kan ọ̀rọ̀ rẹ.

Bí ẹ bá péjọ lọ́jọ́ Àìkú, má jẹ́ kí wọ́n gbé ìwé ìbúra fún ẹnikẹ́ni kí o tó sọ̀rọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tó jù ọ́ lọ wà níbẹ̀. Kúnlẹ̀ kí wọn bí ó ti yẹ, lẹ́yìn náà kí o dìde dúró. Sọ fún wọn pé ìwọ kò ní ṣiṣẹ́ bí wọn kò bá ṣiṣẹ́. Sọ èyí ṣáájú. Bí o bá fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ṣáájú, wọn yóò ní o ń wá àwáwí. Lẹ́yìn náà ni kí o béèrè pé, nínú gbogbo yín, ta lẹ fẹ́ rán sí àwọn tí kò lè dá dìde? Má sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí èmi máa lọ." Rárá. Ẹni tó bá yan ara rẹ̀, òun nìkan ló ń kú. Kí wọ́n yan ènìyàn, kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kí gbogbo ilé gbọ́, kí ó má sì jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo.

Bí wọ́n bá gbà, kí ó wà nínú ìbúra náà. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìbúra tí kò ní àyè fún ẹni tí a rán, pàkúté ni, ẹni tó dára jù nínú yín ló sì máa mú. Kí wọ́n sọ ọ́ níwájú Kùránì àti Bíbélì àti irin yẹn pé, àwọn wọ̀nyí ni a rán, iṣẹ́ wa ni wọ́n ń jẹ́. Bí wọn kò bá gbà, má búra. Ṣùgbọ́n má padà sẹ́nu iṣẹ́ o. Jókòó sọ́dọ̀ wọn ní ẹnu géètì láìbúra, jẹ́ kí wọ́n máa wo ojú rẹ lójoojúmọ́. Kí o sì tún béèrè lọ́jọ́ kejì, kí o tún béèrè lọ́jọ́ kẹta. Àìlágbára ọmọ yẹn kò ní jẹ́ kí ó béèrè fúnra rẹ̀.

Wọn yóò bú ọ. Èébú kì í so mọ́ni lára. Mo ti gbọ́ èyí tó ju amí lọ.

Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé wọ́n rán ẹnìkan ní ìkọ̀kọ̀, tí o sì wà níbẹ̀ tí etí rẹ gbọ́, tí ọ̀rọ̀ sì burú, má dúró kí opó kan wá bi ọ́. Ìyá Àlàbá ti kú. Mo máa ń ronú rẹ̀ pé bí inú bá run ún lọ́jọ́ yẹn, tí kò wá sí ìpàdé, kí ni ǹ bá máa sọ fún ọ lónìí?

Nítorí òjò tó ń bọ̀, èmi ìyá rẹ kò lè ṣàìsọ èyí. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé módà lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan sá sábẹ́ igi máńgòrò kan nítòsí rélùwéè ní Ifọ̀ nígbà tí àrá ń sán. Òṣìṣẹ́ rélùwéè kan yọ orí láti inú ilé, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé igi yẹn ló bí yín ni? Ẹ sáré wọlé wá!" A bínú pé ó bú wa, a rọra ń bọ̀ bí ọmọ ọba. A kò tíì tẹ́sẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà nígbà tí àrá la ẹ̀ka igi náà sí méjì. Ọ̀rẹ́ mi kò jẹ máńgòrò mọ́ láyé rẹ̀. Èmi ṣì ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n n kì í dúró sábẹ́ rẹ̀ nínú òjò. Ìyá mi ní kí a máa fi aṣọ bo dígí bí àrá bá ń sán. Bo dígí tìrẹ bí ó bá wù ọ́, kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n jìnnà sí igi, jìnnà sí òpó irin, má dúró sí pápá gbalasa, kúrò lójú fèrèsé. Bí ẹ bá jókòó sẹ́nu géètì ilé ìwòsàn tí òjò sì ṣú, kó gbogbo wọn wọlé. Ẹnikẹ́ni kò ní torí òjò pè yín ní ojo.

Ojú ọ̀run ti ń dúdú níbí náà bí mo ti ń kọ ọ́. Mo ti kúrò nídìí ẹ̀rọ, mo wà láàárín yàrá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sán báyìí ni, ilẹ̀ mì. Ìyá Kúdí kígbe láti ẹ̀yìn ògiri, "Kábíyèsí!" Mo dá a lóhùn pé, "Ìyá Kúdí, àrá ni. Ẹ kúrò lójú fèrèsé." Ó ń bú mi lọ́wọ́ báyìí. Jẹ́ kó máa bú mi, ó ti kúrò níbẹ̀.

Dírẹ́bà ní lọ́la òun yóò kọjá, lẹ́tà yìí yóò sì dé kí Àìkú tó dé. Lọ sí ìpàdé yẹn, Àṣàbí. Bí wọ́n bá gbé ohun ìbúra sílẹ̀, dìde, kí o béèrè ẹni tí wọ́n rán. Bí wọ́n bá ní ta ni ọ́ tí o fi ń bi àgbà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, sọ orúkọ bàbá rẹ fún wọn, kí o má sì rẹ ohùn rẹ sílẹ̀.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ fún mi, yóò sì ṣọ́ ọmọ tí kò lè dá jókòó yẹn.

Èmi ìyá rẹ,
ìyàwó Rájí tí wọ́n rán.